Àkàrà tí a fi háńbíìlì dì

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí lọ́dún 1993, mo sì fẹ́ràn àkàrà ju ìwé lọ. Bẹ́ẹ̀ ìwé ló ń bọ́ wa. Bàbá mi ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, nísàlẹ̀ ilé tí à ń gbé gan-an. Ẹ̀rọ Kord kan tó ti gbó ló ní. Tó bá ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo ilé á máa gbọ̀n rìrì. Orí ibùsùn la ti máa ń mọ̀ bóyá iṣẹ́ wọlé tàbí kò wọlé. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ ohun tí mò ń wí. Láti Shipeolu títí dé Bajulaiye, o ò lè ka ojúlé mẹ́ta kí o má bá onítẹ̀wé níbẹ̀: kàlẹ́ńdà, káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, risíìtì, lébẹ́ẹ̀lì oògùn jẹ̀díjẹ̀dí. Àwọn kan ń gé bébà, àwọn kan ń ṣe pléètì ìtẹ̀wé, àwọn ọmọdé bíi tèmi ń ká ìwé títí ọmọ ìka wọn á fi dúdú.

Kí ẹ̀rọ tó gba ìǹkì dáadáa, ó máa ń ba bébà jẹ́ ná. Ogún, ọgbọ̀n, nígbà mìíràn ó lé ní àádọ́ta. Lẹ́tà á lẹ̀ mọ́ra, apá kan á dúdú, apá kan á ṣì funfun. Èyí tó bàjẹ́ yìí ni tiwa ọmọdé. A máa ń kó o lọ fún Ìyá Alákàrà tó wà ní ìkángun òpópónà wa, òun náà á fún wa ní àkàrà mẹ́ta, mẹ́rin, bí bébà bá ṣe pọ̀ tó. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní òwò yẹn. A bá a nílẹ̀ ni.

Sátidé, ọjọ́ 3 oṣù keje, mo jí láàárọ̀, mo bá ìdìpọ̀ bébà lẹ́yìn ẹ̀rọ, wọ́n fi àpò sìmẹ́ǹtì bò ó. Ẹ̀rọ ti ṣiṣẹ́ mọ́jú, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn láti inú, ohun tí kì í ṣẹlẹ̀ nílé wa. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Mo gbé ìdìpọ̀ náà lérí, mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Àkàrà márùn-ún ni Ìyá Alákàrà fún mi lọ́jọ́ yẹn. Mo jẹ ẹ́ tán lójú ọ̀nà kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi má baà rí i.

Nígbà tí bàbá mi gbé kẹrosíìnì àti ìṣáná dání lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ, àpò sìmẹ́ǹtì nìkan ló bá níbẹ̀. Mo ṣì ń rí ojú rẹ̀ dòní. Ọkùnrin tí í máa jágbe mọ́ oníbàárà tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ lówó ni, àmọ́ ohùn tó fi bá mi sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kò ju ti aláìsàn lọ.

"Ìwé tó wà níbí dà?"

"Mo ti fi gba àkàrà, sà."

Kò nà mí. Ìyẹn gan-an ló já mi láyà.

Ó da bùbá bo ṣòkòtò tó fi sùn, ó sáré jáde láìwọ bàtà. Mo sáré tẹ̀lé e. Ó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Alákàrà, ó ní kó di gbogbo àkàrà tó wà nínú abọ́ fún òun, èyí tó wà nínú epo pẹ̀lú, kó sì kó gbogbo bébà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Ìyá Alákàrà wò ó láti òkè délẹ̀.

"Gbogbo ẹ̀, Bàbá Onítẹ̀wé? Ṣé ẹ fẹ́ ṣe sàráà ni?"

"Sàráà ni, Ìyá."

Ó wá kù àwọn tó ti rà lọ. Bàbá mi ń ti ojúlé dé ojúlé pẹ̀lú abọ́ àkàrà lọ́wọ́. Ó gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ mẹkáníìkì, ó fún un ní àkàrà méjì lé e. Ó gba ti tíṣà kan tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó gba ti màmá arúgbó kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún un, tó rò pé ó jẹ́jẹ̀ẹ́ ni. Onítẹ̀wé mọ iye bébà tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí alájàpá ṣe mọ iye iṣu. Nígbà tó padà délé tó kà á, ó ku ẹyọ kan. Ta ló mú un lọ? Ìyá Alákàrà ronú díẹ̀, ó wá ní, "Bàbá Ọlọ́pàá ra tiẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́."

Ilé kẹta sí tiwa ni sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá yìí ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú ìwé náà. Ìwé ìléwọ́ ni, háńbíìlì bí àwa onítẹ̀wé ṣe ń pè é. Campaign for Democracy ló ni ín, àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1991, Dókítà Beko Ransome-Kuti sì ni alága wọn. Beko ò jìnnà sí wa. Imaria, ní Anthony, ló ń gbé. Ìwé náà ń ké sí ará Èkó pé láti Mọ́ńdè, ọjọ́ 5 oṣù keje, kí wọ́n pa iṣẹ́ tì, kí wọ́n sọ fún ìjọba ológun pé àwọn ò gba ohun tó fi ìbò wọn ṣe.

Ìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ni mò ń sọ. Sátidé lòun náà bọ́ sí. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjì péré ló wà, SDP ẹlẹ́ṣin àti NRC ẹlẹ́yẹ idì, ìjọba Babangida fúnra rẹ̀ ló dá méjèèjì sílẹ̀, tó sọ wọ́n lórúkọ, tó tún kọ́ ilé fún wọn. (Ẹ gbọ́ ná, ṣọ́jà ń bímọ fún àwọn òṣèlú, ó tún ń bá wọn ra aṣọ.) Mo tẹ̀lé ìyá mi lọ sí ibùdó ìbò. Nígbà tí ìbò parí, wọ́n kà á níta gbangba, lójú gbogbo wa, lóhùn òkè: ení, èjì, ẹ̀ta. Àwa ọmọdé ń bá wọn kà á bí ẹni ń ka orin. A dé orí nọ́ńbà kan, a pariwo, oníkálukú wá gba ilé lọ.

Mo ti ka oríṣiríṣi àlàyé nípa ìdí tí ọ̀rọ̀ ìbò yẹn fi wọ àwọn ènìyàn lára tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní torí pé Yorùbá ni Abíọ́lá, ẹni tí SDP fà kalẹ̀. Wọ́n á ní torí owó rẹ̀, torí ìlawọ́ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ní òpópónà tiwa, kíka yẹn ni. Nígbà tí Babangida fagi lé ìbò náà lọ́jọ́ 23, kì í ṣe iye tí rédíò sọ ló gbà lọ́wọ́ wa. Iye tí a fi ẹnu ara wa kà ni. Lẹ́yìn náà la wá gbọ́ àpapọ̀ rẹ̀, pé Abíọ́lá ní 8,341,309, Tofa ti NRC ní 5,952,087. Nọ́ńbà ńlá ni, àmọ́ tiwa kékeré yẹn ló wà lórí ahọ́n wa.

Ó di alẹ́. Iná ò sí, bàbá mi ò jẹ́ kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Sájẹ́ǹtì kan ilẹ̀kùn. Jalabíà ló wọ̀, kò wọ aṣọ iṣẹ́. Ìyá mi gbé omi fún un, kò mu ún. Ó ti ọwọ́ bàpò, ó mú ìwé kan tí wọ́n ká sọ́nà mẹ́rin jáde, ó gbé e lé orí tábìlì. Epo ti rin ín débi pé a lè rí iná àtùpà láti ẹ̀yìn rẹ̀.

"Bàbá Onítẹ̀wé, epo ti ba iṣẹ́ yín jẹ́ o."

Bàbá mi ò fèsì.

"Ṣé èmi ló kàn láti kó àjọ lóṣù yìí?"

"Ẹ̀yin ni. Ìparí oṣù."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó wá yíjú padà. "Ẹ máa tọ́jú ara yín. Owó àwọn ènìyàn wà lọ́wọ́ yín."

Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Mọ́ńdè, wọ́n dáná sun táyà lójú ọ̀nà Ikorodu, ọjà ò ṣí, kò pẹ́ tí àwọn ṣọ́jà fi wọ ìgboro. A ń gbọ́ ìbọn láti inú yàrá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kú ní Èkó lọ́sẹ̀ yẹn. Sájẹ́ǹtì náà wọ aṣọ ìjọba, ó jáde lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni títí tó fi kó kúrò ládùúgbò, kò sọ ohun tó ṣe lójú títì fún ẹnikẹ́ni. Ìparí oṣù pé, bàbá mi ka àjọ fún un, kò dín kọ́bọ̀.

Ní ti Ìyá Alákàrà, ọdún bíi mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni mo tó bi í bóyá ó mọ ohun tó wà nínú ìwé ọjọ́ yẹn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi ò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n mo mọ ìwé tí àgbà ọkùnrin ń sáré lé láìwọ bàtà." Àwọn kan ti wá bi í léèrè lọ́sẹ̀ yẹn ibi tó ti ń rí bébà. Ó ní òun sọ fún wọn pé Bàrígà lòun ti ń rà á.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí, ìtumọ̀ èdè ni. Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí síbi ìpàdé kan ní Yábàá, kí n wá bá wọn gbé ọ̀rọ̀ civil society wọ Yorùbá. Mo kọ "àwọn ẹgbẹ́ aráàlú," wọ́n gbà á, wọ́n sanwó. Mo délé, ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn. Nínú ìwé tí wọ́n fún mi, wọ́n to àwọn ẹgbẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ: Civil Liberties Organisation, 1987; Committee for the Defence of Human Rights, 1989; Campaign for Democracy; NADECO, oṣù karùn-ún ọdún 1994. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ṣe bẹbẹ, wọ́n sùn sí àtìmọ́lé Alágbọn, wọ́n sùn sí ẹ̀wọ̀n Kìrìkìrì, Beko wà lẹ́wọ̀n nígbà tí Fẹlá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú lọ́dún 1997. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni láyè kó fi wọ́n ṣẹ̀sín lójú mi. Ṣùgbọ́n mo wo ìwé náà síwá sẹ́yìn, mi ò rí àjọ olóṣooṣù tí bàbá mi ń darí níbẹ̀. Ènìyàn méjìlá ni wá nínú ẹ̀. Ọlọ́pàá wà níbẹ̀, tíṣà wà níbẹ̀, ẹni tí ń ta ògì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá òṣèlú wọbẹ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá gbé bàbá mi lọ, owó ènìyàn méjìlá ti bá a lọ nìyẹn. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá rántí pé ohun tó dáàbò bo ìjà òmìnira ní òpópónà wa lọ́sẹ̀ yẹn ni pé ọlọ́pàá kan ń dúró de owó tó fẹ́ fi ra fìríìjì.

Mi ò sọ ọ́ láti fi bu ẹnu àtẹ́ lu sájẹ́ǹtì. Ó lè gba oyè lórí ìwé yẹn. Àmọ́ ẹni tó ti bá yín dá owó fún ọdún mẹ́rin mọ̀ yín ju ẹni tó ń pín oyè lọ.

Bí ọjọ́ bá sì ti pẹ́ la ti ń ṣe é ní Èkó. Alimotu Pelewura, olórí ọjà Erékọ̀, ẹlẹ́ja ni, kò kàwé. Ẹgbẹ́ ìyálọ́jà tó ń darí, iṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ ni kó máa parí ìjà ìsọ̀, kó máa dá owó òkú. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí obìnrin Èkó máa san owó-orí lórí ohun tó bá ti lé ní £50 lọ́dún, lóṣù Kejìlá ọdún 1940, ọjà tì, àwọn obìnrin rọ́ lọ bá ìjọba lọ́fíìsì. Ìjọba sún un sókè sí £200. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń dá owó òkú ló mọ bí wọ́n ṣe ń ti ọjà. Ọ̀nà kan náà ni ìránṣẹ́ wọn ń gbà kó tó kárí.

Ẹnì kan tún wà tí mi ò tíì dárúkọ. Bébà tí bàbá mi fi tẹ ìwé ọjọ́ yẹn, ó rà á láwìn. Rímù mẹ́fà, lọ́wọ́ ọkùnrin Ígbò kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiwa, Bàbá Oníbébà la máa ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà náà. Ó gbọ́ Yorùbá ju èmi lọ. Ìwé gbèsè kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, kò sí awìn tí kì í kọ sínú rẹ̀, àní kó jẹ́ ti pásítọ̀ rẹ̀. Bàbá mi sọ fún un pé iṣẹ́ alẹ́ ni. Bàbá Oníbébà gbé bébà náà sọ́dà fúnra rẹ̀, ó ní kí bàbá mi má dààmú nípa ìwé gbèsè, "irú èyí a kì í kọ ọ́." Nígbà tí bàbá mi máa san owó náà, Ọ̀gágun Abacha ti gbàjọba.

Ìgbà Abacha gùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ti sọ ọ́, ó dun mí láti tún un sọ. Ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1993, Adájọ́ Dọlápọ̀ Akinsanya dájọ́ ní Èkó pé ìjọba fìdíhẹ Shonekan, tí Babangida gbé kalẹ̀ kó tó lọ, kò bófin mu. Inú wa dùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ 17, Abacha dé. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn òṣìṣẹ́ epo NUPENG da iṣẹ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje di oṣù kẹsàn-án, Ṣómólú dákẹ́ lọ gbáú torí kò sí epo tí a máa fi tan jẹnẹrétọ̀. Frank Kokori, akọ̀wé wọn, wà látìmọ́lé títí Abacha fi kú. Ìwé ìròyìn Tempo ń jáde láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, fẹ́ńdọ̀ á ká a sáàárín ìwé ìròyìn bọ́ọ̀lù, á sì bi ọ́ léèrè bóyá o fẹ́ "èyí tó gbóná." Lọ́jọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1996, wọ́n yìnbọn pa Kudirat, ìyàwó Abíọ́lá, nínú mọ́tò nílẹ̀ Ìkẹjà. Ìyá mi, tí kì í sọ̀rọ̀ òṣèlú, ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó ní kó tì í.

Àmọ́ kí ẹ má rò pé gbogbo ẹgbẹ́ ló dára. Abacha náà mọ̀ pé ẹgbẹ́ lágbára, ó ra tiẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú márùn-ún tó fọwọ́ sí, gbogbo wọn ló fa òun nìkan kalẹ̀. Bọ́lá Ìgè ló pè wọ́n ní ìka ọwọ́ adẹ́tẹ̀ márùn-ún, ẹni tó bá gbọ́ ọ rẹ́rìn-ín, ó sì tún wo ẹ̀yìn. Lóṣù kẹta ọdún 1998, wọ́n kó ọ̀dọ́ lọ sí Àbújá kí wọ́n lọ yan, kí wọ́n jó, kí wọ́n ní Abacha làwọn fẹ́. Láwọn ọjọ́ yẹn kan náà, àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ pe tiwọn ní Yábàá, agbẹjọ́rò Olisa Agbakoba ló ṣíwájú. Mo wà ní Yábàá, kì í ṣe torí òṣèlú, bàtà ilé-ìwé ni mo lọ rà ní Tejúoṣó. Tajútajú lé mi wọ inú ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan. Ọjọ́ kejì ni mo rí fọ́tò Agbakoba, ojú rẹ̀ wú, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ní Àbújá wọ́n ń fi orin dá wọn lára yá, ní Yábàá wọ́n ń fi kóńdó dá wọn lẹ́kun. Ẹgbẹ́ ni àwọn méjèèjì pe ara wọn.

Bàbá mi ní pléètì háńbíìlì yẹn lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà yìí. Mo mọ̀ pé ìwà òmùgọ̀ ni. Bébà ṣeé jó, pléètì páànù ni, lẹ́tà ara rẹ̀ kì í sì í yí. Lára bláńkẹ́ẹ̀tì, rọ́bà tó ń gbé ìǹkì láti ara pléètì sórí bébà, nìkan ló ti ń yí, ẹni tó bá mọ̀wé máa ka ti pléètì gbangba. Ó fi kan òrùlé ilé adìyẹ wa, ó da ojú rẹ̀ délẹ̀. Ọdún márùn-ún ni adìyẹ fi ń sùn sábẹ́ ẹ̀. Nígbà tí wọ́n kéde pé Abacha ti kú, lọ́jọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 1998, àwọn ará àdúgbò ń jó nígboro. Bàbá mi ò jó. Ó mú ìṣó àti òòlù, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó yọ páànù náà, ó yí i padà, ó tún un kàn, ojú lẹ́tà bọ́ sí òkè. Òjò àti oòrùn ló pa ìyókù rẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba tiwantiwa dé, iṣẹ́ sì pọ̀ fún onítẹ̀wé. Bàbá mi tẹ̀wé fún gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú láìyọ ọ̀kan sílẹ̀, owó ọwọ́ ni wọ́n ń san. Kò tún sẹ́ni tó ń ti ilẹ̀kùn láti inú mọ́. Díẹ̀ nínú àwọn tí a ń kà nípa wọn nínú Tempo di gómìnà, di sẹ́nétọ̀, di ẹni tí ọlọ́pàá ń ṣí ọ̀nà fún. Mi ò bínú sí wọn pé wọ́n wọlé. Ẹni tó ní kí ilé má jó lè gbé inú ilé. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé àjọ wa tú ní nǹkan bí ọdún 2004, nígbà tí oníkálukú ti ní báńkì tiẹ̀, àti pé alága ẹgbẹ́ onílé ládùúgbò wa, tó bá wa kó táyà lọ́dún 1993, fi ọdún mẹ́rìndínlógún wà lórí àga láìṣe ìbò. Nígbà tí ìyá mi béèrè ìgbà tí a máa dìbò, ó ní àwọn ọ̀dọ́ ò tíì mọ̀nà.

Mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wúwo lẹ́nu mi.

Ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2023, ìbò gómìnà. Mo wà lórí ìlà ní ibùdó ìbò wa, àwa bí ọgbọ̀n. Bàbá Oníbébà wà níwájú mi, ènìyàn mẹ́rin ló wà láàárín wa. Ó ti darúgbó, ó wọ fìlà pupa tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́fà kan dé. Wọn ò pariwo púpọ̀. Wọ́n kàn ń wo ojú àwọn ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀kan ní, "Bàbá, ẹ lọ sinmi nílé, tiyín kọ́ lèyí." Ó ní ibí lòun ti ń dìbò láti ìgbà tí wọn ò tíì bí i. Ọmọ náà di apá rẹ̀ mú, kò fà á, ó kàn ń bá a rìn bí ẹni ń mú ọkọ ìyàwó jáde. Káàdì ìdìbò rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè díẹ̀.

Mo mọ ọmọ tó dì í lápá mú. Èmi ni mo gbé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Gbogbo wa lórí ìlà ló mọ̀ ọ́n, a mọ ilé rẹ̀, a mọ ẹni tó ń fún un lówó. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ìlà náà sún síwájú láti dí àlàfo tí Bàbá Oníbébà fi sílẹ̀. Èmi náà sún. Mo dìbò, wọ́n fi ìǹkì sí mi léèékánná.

Ẹnu tí àdúgbò wa pa mọ́ fún bàbá mi lọ́dún 1993, mo ti fi ṣe ìtàn fún àwọn ọmọ mi bí ọgọ́rùn-ún ìgbà. Mo máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ohun ìní wa ni, bí oríkì. Lórí ìlà yẹn ni mo ti rí i pé kì í ṣe ìwà rere ni. Ọgbọ́n ọwọ́ ni, bí ìtẹ̀wé: Kord tó tẹ háńbíìlì náà ló tẹ kàlẹ́ńdà àwọn tó rán ọmọkùnrin mẹ́fà jáde. Ọ̀rọ̀ pé mo ń bẹ̀rù, òótọ́ ni, mo bímọ. Bàbá mi náà bímọ nígbà tó ti ilẹ̀kùn láti inú.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. A ń múra ìrántí ọdún mẹ́wàá tí bàbá mi kú, mo nílò bébà fún ìwé ètò. Ó wà lẹ́yìn káńtà, ó ń tú okùn ìdìpọ̀ kan, kò gbójú sókè.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá."

"Ọmọ Onítẹ̀wé. Rímù mélòó?"

"Mẹ́fà, sà. Bàbá, ti Sátidé yẹn, mo rí yín."

"Èmi náà rí ẹ."

Ó fi ìka kan itọ́, ó ń ka bébà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Bébà ti gbówó lórí gan-an, owó tó wà lọ́wọ́ mi ò tó. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ sídìí ẹ̀rọ owó kí n tètè dé. Ó ní kò pọn dandan. Ó fa dúrọ́ọ̀ sílẹ̀, ó mú ìwé gbèsè ẹlẹ́yìn pupa jáde, ó béèrè orúkọ mi, ti bàbá àti ti ọkọ, bí ẹni pé kò mọ̀ ọ́n rí. Ó kọ ọ́. Ó kọ iye rẹ̀ sí iwájú rẹ̀. Ó yí ìwé náà síhà ọ̀dọ̀ mi, ó na bírò sí mi, ó fi ìka hàn mí ibi tí màá fọwọ́ sí.